Ìbọn Tó Gba Ìka Àbúdù

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Ìtalápò,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹjọ, 1982.

Mùínátù, ọ̀rẹ́ mi tó dà bí ìyekan,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ. Báwo ni Alhaji Síkírù, ọkọ rẹ? Ṣé ẹsẹ̀ tí o ní ó ń dùn wọ́n ti gbà wọ́n láyè? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àbíkẹ́yìn rẹ tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o fojú kan oorun? Ọjà aṣọ ńkọ́? Wọ́n ní òjò kì í jẹ́ kí oníbàárà jáde ní Kàdúná lásìkò yìí. Ọlọ́run yóò bá ọ tà á. Ní tèmi, ara le, iṣẹ́ ilé ìwòsàn sì ń lọ. Ìyá rẹ náà le koko. Mo rí wọn lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, wọ́n ń ná gààrì lọ́nà tí a mọ̀ wọ́n mọ́, ẹni tó ń tà á ti fẹ́ sunkún.

Mùínátù, o mọ̀ mí. O ti mọ̀ pé bí ìkíni mi bá gùn báyìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń sá fún. Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú bírò tí mo sì ń gbé e sílẹ̀. Nígbà tí o bi mí pé ta ló rọ ìbọn tó bẹ́ mọ́ Bùọ̀dá Àbúdù lọ́wọ́, mo dá ọ lóhùn pé n kò mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi ló rọ ọ́.

Jọ̀wọ́, má tíì ju ìwé yìí sílẹ̀. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe jẹ́, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, torí pé gbogbo Ìbefun nílé ló ti ń sọ ọ́ báyìí.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Èmi ni mo wà ní yàrá tí a ti ń di egbò láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí mọ́tò akógààrì kan fi já wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Bùọ̀dá ni wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀. Ìborùn Ràmọ́tà, ìyàwó wọn, ni wọ́n fi wé ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Èyí tí o mọ̀ nìyẹn: ọ̀yà ń jẹ ẹ̀gẹ́ oko wọn run, wọ́n lọ ṣọ́ ọ, wọ́n yìnbọn, ìbọn sì bẹ́. Nígbà tí dókítà fi máa ṣe tán, àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín nìkan ló kù lọ́wọ́ náà. Èyí tí o kò mọ̀ ni ohun tí Bùọ̀dá sọ fún mi kí wọ́n tó gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi ọwọ́ òsì fa aṣọ mi.

“Yétúndé, ìbọn Bàbá ni. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá gbọ́, ó lè pa wọ́n.”

O mọ ohun tí Bàbá mi jẹ́ fún ilé yín. Nígbà tí bàbá yín kú tí Bùọ̀dá fi ilé-ìwé sílẹ̀ wọ oko, Bàbá mi ló ń rọ ọkọ́ àti àdá fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ títí wọ́n fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bùọ̀dá kò sì níwèé àṣẹ ìbọn, ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà wọ́n. Mo ṣèlérí fún wọn pé n kò ní sọ.

Ṣùgbọ́n kí n má fi Bùọ̀dá bojú. Ìlérí yẹn rọ̀ mí lọ́rùn ni mo ṣe yára ṣe é. Ṣé o rò pé ọkọ́ àti àdá ló rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì? Ìbọn ni. Aṣọ funfun tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìbọn ni Bàbá mi fi rà á fún mi. Mo wọ̀ ọ́ sọ́rùn, mo ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò nínú àwo, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé èmi náà jẹ níbẹ̀.

Bùọ̀dá wá sọ fún Bàbá mi pé ìbọn tí àwọn yá lọ́wọ́ ọdẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló bẹ́, pé èyí tí Bàbá rọ fún àwọn ṣì wà lókè àjà. Bàbá mi gbà á gbọ́. Mo lọ sílé lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn náà, ìyá mi se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n tẹ ẹ̀bà sí i, a jókòó, à ń jẹun. Bàbá mi ń bi mí nípa ọwọ́ Bùọ̀dá, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní ẹni tó bá rọ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún ọmọlọ́mọ, Ògún yóò bi í léèrè. Wọ́n ní, “Ká ní tèmi ni Àbúdù gbé lọ sóko, ìka rẹ̀ ìbá pé.”

Mo gbé òkèlè mì. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Mo tún wá sílé lẹ́yìn ìyẹn, mo tún jẹun, mo tún dákẹ́.

Àsìkò yẹn náà ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òfin. Bóyá o gbọ́ ọ lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àbá kan wà nílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò máa rọ ìbọn nínú ilé tàbí nínú àgbẹ̀dẹ mọ́ àfi tí ọlọ́pàá bá fún un níwèé, pé alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bá ká irin ìbọn mọ́ lọ́wọ́ yóò ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní torí àwọn olè ojú ọ̀nà ni, àti àwọn jàǹdùkú olóṣèlú. Àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa faraya. Ìjọba ìbílẹ̀ wá ní àwọn yóò rán ẹnì kan wá sí Ìbefun láti gbọ́ tẹnu àwọn èèyàn. Ọ̀gá wa nílé ìwòsàn ní kí n lọ, nítorí pé ọmọ ibẹ̀ ni mí, kí n lọ sọ irú egbò tí ìbọn ń gbé wá bá wa. Mo lè sọ pé ara mi kò yá. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé èmi ni wọ́n yàn.

Inú gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni ìpàdé náà wà. Ọ̀gbẹ́ni Richard Adébùsọ́lá ni orúkọ ẹni tí wọ́n rán wá, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ń fi áńkáṣíìfù nu awò ojú rẹ̀ ṣáá. Èrò kún fọ́fọ́. Bùọ̀dá Àbúdù jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ agbádá. Bàbá Fátókí, tí í ṣe olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ìbọn tí olè ń lò, òyìnbó ló rọ ọ́. Ta ló rí olè tó fi ṣakabùlà dá mọ́tò dúró rí? Kó tó ki ẹ̀tù tán, mọ́tò ti dé Ṣàgámù!” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, Ọ̀gbẹ́ni Adébùsọ́lá náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá mi dìde. Mùínátù, bí o bá rí wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ dàńṣíkí aṣọ òkè tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ọdún Ògún. Wọ́n ní láti kékeré ni àwọn ti ń lu irin, pé bàbá àwọn ló kọ́ àwọn, bàbá bàbá àwọn ló kọ́ ìyẹn. Wọ́n ní bí ìjọba bá ti àgbẹ̀dẹ pa, ọ̀yà ni yóò máa jọba lóko. Wọ́n ní, “Ẹ ní ìbọn ilé ń ṣe èèyàn léṣe. Ó lè jẹ́ tẹlòmíràn. Ìbọn ọwọ́ tèmi kò bẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ni Bàbá mi bá yíjú sí mi. Wọ́n nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí nínú aṣọ funfun mi, ojú wọn ń dán fún ìgbéraga bàbá tó ní ọmọ.

“Ọmọ mi rè é, òun ló ń tọ́jú wọn. Ìyá mi, dìde, sọ fún wọn. Ṣé ìbọn tèmi ti gbé ẹnì kan wá bá ọ rí?”

O mọ̀ pé Ìyá mi ni wọ́n máa ń pè mí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, nítorí pé wọ́n gbà pé ìyá àwọn ló padà wá.

Mo dìde. Mo wo Bùọ̀dá, wọ́n ń wo ilẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ẹnu mi ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé rárá, ọwọ́ tí mo ń dì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà níwájú mi lábẹ́ agbádá, mélòó sì ni àwọn tó wà níbẹ̀ tí ìbọn Bàbá mi wà lókè àjà wọn! Mo ní, “Bàbá, ó ti gbé ẹnì kan wá. Ìbọn yín ló gba ìka Bùọ̀dá Àbúdù.”

Bùọ̀dá ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní, “Ó ṣì mí gbọ́ ni. Ọkàn mi kò sí nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìrànrán ni mo ń sọ. Ìbọn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni.” Ni ariwo bá sọ. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, “Ọmọ tó ta bàbá rẹ̀!” Bàbá Fátókí ní wọ́n ti fi owó ìjọba ra mí. Ràmọ́tà ń wò mí bí ẹni tí kò bá mi jẹun nínú abọ́ kan rí. Ọ̀gbẹ́ni Adébùsọ́lá tún nu awò ojú rẹ̀, ó ní kí ẹlòmíràn sọ tirẹ̀. Bàbá mi kò jókòó. Wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n jáde.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Ilé Bùọ̀dá ni wọ́n gbà lọ, wọ́n sì dúró sí ìloro títí Bùọ̀dá àti Ràmọ́tà fi dé. Wọ́n ní, “Àbúdù, gbé ìbọn mi wá lókè àjà.” Bùọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwáwí. Bàbá mi kàn na ọwọ́ síta, wọ́n ń retí. Nígbà tó yá, Ràmọ́tà bú sẹ́kún, ó wọlé, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi àpò wé jáde.

Bàbá mi tú u. Wọ́n fọwọ́ pa ibi tí àmì wọn wà nídìí ìbọn náà. Wọ́n ki àtàǹpàkò bọ ojú ibi tó ti ya. Wọ́n wá ní,

“Páìpù omi ni. N kò rí irin mọ́tò tí mo máa ń fi rọ ọ́ rà lọ́dún náà. Mo mọ̀ pé ó fẹ́lẹ́. Mo ní agbára ẹ̀tù kò ní fà á ya.”

Mùínátù, Bàbá mi lóṣòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ni Bùọ̀dá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí wọ́n ń ké pé, “Ẹ dìde, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni? Ẹ dìde!” Ọwọ́ tí wọ́n ti ń fi pamọ́ látàárọ̀ ni wọ́n fi di kókósẹ̀ Bàbá mi mú. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó rí mi. Nígbà tí Bàbá mi máa jáde, wọ́n ní láti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́.” Wọ́n dúró. Wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì,” wọ́n sì ń lọ.

O gbọ́ mi, àbí? Wọ́n ní *ẹ*. Bí èèyàn ṣe ń kí àlejò tó wá ṣiṣẹ́ ìjọba. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, n bá ti gbàgbé. Láti ọjọ́ náà títí dòní, bí wọ́n ṣe ń kí mi nìyẹn. Bí mo bá wá sílé, wọ́n á ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀.” Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kí ni àwọn ṣe? Ṣé àwọn bú mi ni?

Nígbà tí Bùọ̀dá tún wá di ọwọ́ wọn, Bàbá mi bá wọn wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i. Mo ní kí wọ́n jókòó sí ìta, wọ́n kọ̀. Mo tú báńdéèjì. Bàbá mi wo ọwọ́ náà níwájú àti lẹ́yìn, wọn kò gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè, ohùn wọn kò le rárá.

“Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ tí ẹ wá jẹun nílé mi, ṣé ilé náà kún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sáàyè fún ọ̀rọ̀ yìí?”

Kí ni n bá sọ? Pé Bùọ̀dá ni kò jẹ́? Bùọ̀dá jókòó síbẹ̀. Pé mo ń bẹ̀rù pé ọkàn wọn yóò bàjẹ́? Ṣé kò wá bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójú gbogbo ìlú? Òótọ́ tí mo sọ kò dùn mí, Mùínátù. Ibi tí mo ti sọ ọ́ ló ń pa mí. Ilé baba mi ló yẹ kí n ti sọ ọ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì, kí wọ́n lè sunkún bí wọ́n bá fẹ́ sunkún. Mo sì dójú ti ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ̀lú, tó fi àṣírí rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ lójú ìrora. Bùọ̀dá kò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, “Yétúndé, a ti sọ ọ́ pé àárín wa ni.” Ràmọ́tà ni kò tíì dáhùn ìkíni mi. N kò dá a lẹ́bi.

Ọlọ́pàá kò tíì wá. Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n wá. Bàbá mi kò rọ ìbọn mọ́. Àwọn irin tó kù lẹ́bàá ògiri àgbẹ̀dẹ, wọ́n ti gé wọn, wọ́n ti fi wọ́n ṣe tàkúté ọ̀yà fún oko Bùọ̀dá. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn báyìí ni àdá kan tí wọ́n ń ṣe fún Bùọ̀dá, tí èèkù rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín lè dì í mú. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe yọ̀ bọ́, wọ́n jù ú nù. Wọ́n tún gbẹ́ òmíràn. Ìyá mi ní Bùọ̀dá máa ń wá jókòó sí àgbẹ̀dẹ, wọ́n á fún un ní èèkù, á dì í mú, á ju apá, wọ́n á tún gbà á padà.

Àbá náà kò tíì di òfin. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó dára. Lójú mi, ó dára nígbà tí mo bá ń di egbò. Nígbà tí mo bá rántí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ Ìbefun, n kò mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, fún àwọn alágbẹ̀dẹ gbogbo agbègbè. Bàbá Fátókí ti lọ bá Bàbá mi pé kí wọ́n dákẹ́, pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ ti kó gbogbo àgbẹ̀dẹ sí wàhálà. Bàbá mi ní àwọn gbọ́.

Lánàá ni wọ́n wá sí ilé ìwòsàn, àwọn nìkan. Mo rò pé ara wọn ni kò yá. Wọ́n ní rárá, pé àwọn fẹ́ lọ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé náà, nípa páìpù omi. Mo ní, “Bàbá, wọ́n lè tì yín mọ́lé.” Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dìde ní gbọ̀ngàn.

Wọ́n ní, “Ẹ wá jókòó síwájú, Nọ́ọ̀sì, níbi tí n óò ti máa rí yín. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo purọ́, ẹ dìde.”

N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì nìyẹn tàbí ìjìyà. N óò lọ. N óò jókòó síwájú.

Bí o bá bínú sí mi, o jàre. Ṣùgbọ́n má bá Bùọ̀dá wí pé wọ́n purọ́ fún ọ, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n ṣe é. Bí ọ̀nà bá là, wá sílé fún Iléyá. Kọ́kọ́ lọ kí wọn nílé yín, kí o sì bá mi di Ràmọ́tà lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn náà, bí ọkàn rẹ bá gbà, yà sọ́dọ̀ mi, kí o sọ tẹnu rẹ fún mi lójúkojú. N óò gbọ́ ọ.

Kí Alhaji fún mi, fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tó mọ̀ ọ́ ní kí n kí ọ.

                                        Èmi tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì fẹ́ràn rẹ,
                                        Yétúndé Ògúnbánwò.